Ọṣẹ Ọ̀pọ̀ Tí Ògúndìran Rà Nínú Igbó Akóniláàárẹ̀

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má fọwọ́ nu orí yín. Mo gbọ́ bí ẹ ti ń kùn. Ẹ ní Ògúndìran onígbàjámọ̀ ti fi ọṣẹ kùn yín lórí àti lágbọ̀n, ó sì fi yín sílẹ̀ bí ẹni rẹ ẹ̀wà sómi, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n abẹ lára awọ. Ẹ ní onígbàjámọ̀ ìlú kejì kì í pẹ́ báyìí. Òótọ́ ni. Ẹ lọ wo ọrùn àwọn tí ìyẹn fá, bó ti yọ kókó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, kí ẹ tó tún lanu.

Èmi Ọdẹ́jìnmí ni n óò bá yín jókòó títí irun yín yóò fi mumi. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní ọdún tí eéṣú jẹ oko. Èmi ni ìkookò pàdé lójú ọ̀nà tó ní òun ò mọ̀ pé èmi ni, kí n jọ̀ọ́ má bínú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí báyìí. Orúnkún mi méjèèjì ò gbọ́ ti ara wọn mọ́, bí mo bá jókòó, ìdìde a di ọ̀rọ̀ àpérò. Nítorí náà n kò ní sọ ìtàn ara mi lónìí. Ìtàn ọkùnrin tó ń pọ́n abẹ yẹn ni n óò sọ, ẹ má sì wò ó lójú bí mo bá ń sọ ọ́, torí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ fún mi.

Ẹ mọ àṣà wa ní Òkè-Ìṣápá. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá kú kò gbọdọ̀ fi abẹ kan orí tàbí àgbọ̀n fún oṣù mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, kí irun ọ̀fọ̀ bọ́ sílẹ̀ tán pátápátá. Bó bá ku ẹyọ kan, olóògbé kò ní lè sọ ẹrù tó rù kúrò nílé kalẹ̀. Oríta ni yóò dúró sí, tòun ti ẹrù lórí.

Ìgbà ọyẹ́ ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúndìran, kú. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ọmọ́lẹyẹ, wà nílé ọkọ rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé náà dákẹ́ débi pé Ògúndìran ń gbọ́ bí ikán ti ń jẹ ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Àárẹ̀ ló dé bá a dípò ẹkún. Bó bá jí láàárọ̀, yóò jókòó sétí ẹní títí oòrùn yóò fi wọlé wá bá a níbẹ̀, yóò máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ àlejò ni.

Oṣù mẹ́ta pé. Ògúndìran mú abẹ, ó fi omi pa àgbọ̀n, ó fà á. Abẹ kọ̀. Irun ọ̀fọ̀ náà ti le bíi wáyà. Ó pààrọ̀ abẹ, ìyẹn náà kúnu. Kò sì sí ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́, torí gbogbo ìlú ló ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun ló ń fá ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà rí àgbọ̀n rẹ̀ kí ọ̀fọ̀ tó dé, dídán ló ń dán bí ẹyin adìẹ. A máa ń wí pé, 'Ògúndìran nìkan ni ọ̀bẹ tó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.' Ó máa ń rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Alájàpá kan gbé ọṣẹ kan wá nínú páálí aláwọ̀ góòlù, ó ní àwọn ìjòyè ìlú òkè ló ń fi í fárùngbọ̀n. Ọ̀wọ́n ni. Àgbò kan ṣoṣo tí Ògúndìran ní ló fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó po ọṣẹ náà pẹ̀lú ìdì irun ẹṣin tó fi ń ṣiṣẹ́, ó hó, ó ń ta sánsán bí òdòdó. Kó tó gbé abẹ dé etí, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lójú bí ẹ̀kọ gbígbẹ. Abẹ fa irun, irun fa awọ, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ àyà. Irun kò gé. Ó nu ojú rẹ̀, ó sọ páálí náà sí kọ̀rọ̀, ó tún lọ jókòó sétí ẹní.

Èmi ni mo wá bu iyọ̀ sójú egbò. Mo ti ìgbẹ́ dé, mo ní, "Ògúndìran, mo rí Àwẹ̀ró lóríta tó wà lẹ́yìn odò. Ẹrù wà lórí rẹ̀. Mo kí i, ó ní, 'Ọdẹ́jìnmí, ọrùn ń dùn mí. Bá mi sọ fún Bàbá Lẹyẹ kó fá irun rẹ̀.'"

Ó fọwọ́ pa irun àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ó rù?"

Mo ní, "Kò rù. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ó dìde. Ó bi mí níbi tí ọṣẹ tó lè rọ irun ọ̀fọ̀ wà. Mo sọ ohun tí àwa ọdẹ máa ń gbọ́, pé àwọn kan ń se ọṣẹ nínú Igbó Akóniláàárẹ̀. Mo fẹ́ bá a lọ o! Bí kì í bá ṣe ti orúnkún yìí, ta ní ń jẹ́ igbó? Mo sìn ín dé ìdí ìṣápá tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, mo gbàdúrà fún un dáadáa, mo sì padà sílé lọ jẹun.

Ti ọ̀nà kọ́ là ń sọ. Ó rìn, ó dé.

Nínú igbó náà, àwọn ìrókò fẹ̀yìn ti ara wọn bí àgbàlagbà tó ti ibi òkú dé. Àparò ibẹ̀ kì í fò, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, wọn a máa sọ fún ara wọn pé, "Fífò kò le, gbígbéra ló ni ìṣòro." Ẹni tó bá yán lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀, ilẹ̀ a gbà á mọ́ra, ewé a hù lára rẹ̀, ó di igi nìyẹn. Ògúndìran rí àwọn igi tí fìlà ṣì wà lórí wọn. Ó yán lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn díẹ̀, ó tún yán. Ẹ̀kẹta ń bọ̀, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun, ló bá yọ abẹ rẹ̀ nínú àpò, ó fi èkù rẹ̀ sáàárín eyín, ó deyín mọ́ ọn. Omi jáde lójú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro ó, ṣùgbọ́n ẹnu kò là. Èkù abẹ yẹn ṣì ní àpá eyín títí di òní. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ wò ó nígbà tó bá gbé e dé etí yín.

Bó ti jáde níbẹ̀, ó rí koríko funfun kan tó bo gbogbo ojú ọ̀nà, ó tẹ̀ ẹ́. Koríko náà figbe ta.

"Ìwọ ta ni tó ń tẹ irùngbọ̀n mi?"

Iwin kan ló jókòó sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, orí rẹ̀ bí ìkòkò aró, irùngbọ̀n rẹ̀ ló sì tẹ́ lọ títí bí ẹní.

Ògúndìran ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Koríko ni mo pè é."

Iwin ní, "Àwọn tó pè é ní koríko ṣáájú rẹ wà nínú rẹ̀." Ògúndìran wo ilẹ̀, ó rí bàtà, ó rí apó, ó rí egungun ọwọ́ tí irun ti we mọ́. Iwin tún ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Onígbàjámọ̀ ni mí."

Iwin rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ mì. "Ẹni tí mo ti ń retí nìyí. Ìbéèrè kan ni mo ní. Abẹ ń fá ọba, abẹ ń fá tálákà, abẹ ń fá ọmọ ìkókó. Ta ní ń fá onígbàjámọ̀?"

Ògúndìran dáhùn bó ti máa ń dá gbogbo ìlú lóhùn. "Èmi ni mò ń fá ara mi."

Irùngbọ̀n náà we mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Iwin ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, irùngbọ̀n dé ìbàdí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ohùn tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́, irùngbọ̀n we mọ́ ọn lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

"Ìyàwó mi ni," ló wí. "Àwẹ̀ró ni."

Irùngbọ̀n dẹ̀ díẹ̀.

"Ogójì ọdún ló fi fá mi lẹ́yìnkùlé, ní kùtù, kí ojú ọ̀nà tó là. Ọṣẹ tó fi ń fá mi, òun náà ló ń sè é, n kò bi í rí ohun tó ń kó sí i. Èyí tó kù nílé ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú. Gbogbo ìlú ń yìn mí, mo sì ń gba ìyìn. Òun náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yìn mí, á máa rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò sọ ọ́."

Ibẹ̀ ni ẹkún tí kò sun ní ọjọ́ ìsìnkú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sun ún tọkàntọkàn, bí ọmọdé. Ojú tì í, inú sì bà á jẹ́ pé iwin ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó ti sọ lójú gbogbo ayé nígbà tí Àwẹ̀ró ṣì ní etí tó lè fi gbọ́ ọ.

Iwin tú u sílẹ̀. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ló wí. "Máa lọ. Ibi méjì ni wọ́n ti ń ta ọṣẹ níwájú, ọ̀kan ọ̀wọ́n, ọ̀kan ọ̀pọ̀. Mo ti rí i pé ẹni tó bá ti rẹ̀, ibi ọ̀wọ́n ló máa ń kọ́kọ́ yà sí."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìlú Ìhó ló kọ́kọ́ dé. Ìhó ọṣẹ làwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ bí aṣọ, ìhó ni wọ́n fi ń bo ilé, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, gbogbo wọn a di ìhòòhò, wọn a sì máa yin aṣọ ara wọn nìṣó. Wọ́n mú Ògúndìran dé iwájú olórí wọn, ọkùnrin fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lè ti ara rẹ̀ rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀.

Olórí ní, "Dán an wò ná, kí o tó béèrè iye rẹ̀. Ọṣẹ wa kò ní ẹlẹ́gbẹ́."

Wọ́n fi ẹyọ kan kan omi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọṣẹ náà hó! Ó kún gbọ̀ngàn, ó kan àjà, ó gba ojú fèrèsé jáde, àwọn ará ìlú ń pàtẹ́wọ́. Ara Ògúndìran tutù, ó dùn mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí ìdúró. Ó wá gbé abẹ. Bí irin ti kan ìhó náà, ó ṣe pòó, ó parẹ́. Kò sí ìhó, kò sí omi, kò sí ọ̀rinrin kankan. Irun ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀ gbagidi.

Ògúndìran ní, "Kábíyèsí, ọṣẹ yín kò dé ìdí irun."

Olórí ní, "Ta ló ń wo ìdí irun? Ohùn ìyàwó rẹ tó kù létí rẹ ni a óò gbà. Bí o bá ti fún wa, ọ̀ràn irun kò ní dùn ọ́ mọ́."

Ògúndìran dúró, ó ro ó. Ẹ má jẹ́ kí n pa irọ́ fún yín, ó ro ó gan-an. Ohùn yẹn ló ń jí i lóru, ohùn yẹn ló ń gbọ́ nídìí iná tí kò sí ẹnìkan. Bó bá ta á, yóò sùn. Ṣùgbọ́n ó rántí pé ọrùn ń dun ẹnìkan lóríta, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí afẹ́fẹ́ fi dé bá wọn.

Kò mọ bó ti rìn tó lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí èèyàn ti ń ka ìṣísẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbóòórùn kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró kí òun tó mọ̀. Eérú èèpo kòkó ni, àti àdín tó ń gbóná. Òórùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni.

Ìyá arúgbó kan jókòó ti ìkòkò létí omi, ó ń ro ọṣẹ dúdú. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí oríta tí ọ̀nà ti pínyà, Àwẹ̀ró dúró, ẹrù lórí, ọwọ́ kan lórí ẹrù, ọwọ́ kejì lẹ́yìn ọrùn.

Ògúndìran fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró."

Ó ní, "Bàbá Lẹyẹ. Ẹ kúu rìn. Irùngbọ̀n yín mà burú o."

Ìyá arúgbó bu ọṣẹ tó tó èso àgbálùmọ̀ kan, ó fi ewé wé e. "Gbà," ló wí. "Ọ̀pọ̀ ni. Ìjókòó nìkan ni mò ń gbà fún un."

Kò ní páálí, kò ta sánsán. Ògúndìran fi omi gbígbóná ra irun, ó po ọṣẹ náà, kò hó púpọ̀, àmọ́ ó ki, ó rọ̀, ó sì dúró mọ́ àgbọ̀n bí òrí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó fa abẹ yọ. Ìyá arúgbó gbá a lọ́wọ́.

"Ìjókòó ni mo ní n óò gbà! Irun ọ̀hún ò tíì mumi. Irú onígbàjámọ̀ wo nìyí?"

Ó jókòó. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ ìròyìn ilé fún mi."

Ìgbà náà ló tó yé ọkùnrin yìí. Ní gbogbo àárọ̀ fún ogójì ọdún, bí Àwẹ̀ró bá ti fi ọṣẹ kùn ún tán, á jókòó tì í, á ní kó sọ ìròyìn ìlú fún òun: ta ló wá fárí lánàá, kí ló wí, ta ló ń bá ta jà. Ògúndìran a máa kánjú, a máa ní, 'Obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ sísọ ti wù ọ́ jù.' Kò mọ̀ pé irun rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń fi ọ̀rọ̀ rẹ sómi. Ogójì ọdún ló fi jẹ́ ọ̀gá onígbàjámọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń fi omi nu orí àwọn èèyàn tó fi ń fa abẹ, tí ọrùn wọn ń yọ kókó, tí ó ń sọ fún wọn pé awọ wọn ni kò dára.

Ó sọ ìròyìn ilé. Ó ní Ọmọ́lẹyẹ ti padà sílé ọkọ, ó sunkún dé ìbòjì. Ó ní ikán ti jẹ ilẹ̀kùn. Ó ní adìẹ abọrùn-bọ́lọ́bọ́lọ́ yẹn ti pa ọmọ mẹ́fà. Ó ní, "Mo sọ fún iwin kan pé ìwọ lò ń fá mi. Bí mo bá délé, n óò sọ fún gbogbo ìlú."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ sọ fún Ọdẹ́jìnmí. Bí ẹ bá ti sọ fún ìyẹn, ẹ ti sọ fún ìlú."

Òjìji ìkòkò ti kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá arúgbó ní ó ti tó. Ṣùgbọ́n òkú kì í fọwọ́ kan irin, torí náà Ògúndìran fúnra rẹ̀ ló ní láti fá a, kò sì sí dígí. Àwẹ̀ró ni yóò máa wò ó. Ó fa abẹ, abẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, irun ọ̀fọ̀ ń já bọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí a rẹ sómi gbígbóná. Kò ta á, kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó fá orí, ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́, Àwẹ̀ró ń wí pé, "Lápá ọ̀tún. Ẹ̀yìn etí. Bẹ́ẹ̀ ni." Ó fá a dé abẹ́ àgbọ̀n lápá òsì, ó wá fo ibẹ̀. Ìwọ̀n ìka kan. Ó nu abẹ, ó pa á dé.

"Ó ti tán," ló wí.

Àwẹ̀ró ní, "Ó kù, lábẹ́ àgbọ̀n."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Lẹyẹ, ọrùn ń dùn mí."

Ògúndìran ṣí abẹ, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó pajú dé, ó fá a. Ó gbọ́ nígbà tí ẹrù kan ilẹ̀. Ó gbọ́ bí obìnrin náà ti mí kanlẹ̀, bí ẹni ti oko dé. Ìgbà tó lajú, oríta ló rí, àti ọṣẹ tó kù nínú ewé.

Ọṣẹ náà ló wà lórí yín yẹn. Nígbà tó jókòó níbẹ̀ ni ìyá arúgbó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń sè é, kò sì wọ́n. Ìjókòó lẹ ó san, ẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán.

Ta ní wá ń fá onígbàjámọ̀ báyìí? Èmi ni, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Mo ń sọ ìròyìn ìlú fún un títí irun á fi mumi. Ó máa ń dá ọwọ́ mi dúró kí n tó parí, á gbé orí kalẹ̀. Màá ní, "Ògúndìran, ó kù lábẹ́ àgbọ̀n." Á ní, "Mo mọ̀." A ó jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó gbé àgbọ̀n sókè.

Ó ti dìde. Abẹ ti mú. Ẹni tó bá kàn, kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.